Ọjọ́ Tí Verna Pariwo Pé Ó Ti Mọ́

Ẹ̀rù páìpù máa ń ba Verna Alphonse. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí obìnrin náà fi pamọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn, tí gbogbo wa sì ń pè é ní akíkanjú. Àwọn ọmọ abúlé wa a máa fi orúkọ rẹ̀ bú ara wọn: "Lọ jókòó jàre, ṣé ìwọ náà rò pé Àǹtí Verna ni ẹ́?" Bí ó bá gbọ́, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì wọlé lọ gbé omi tíì kaná.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹja sámọ́nì rí ọ̀nà gbà padà sí ibi tí wọ́n bí i sí. Àwọn tó la títì kọjá lórí odò kéékèèké wa láyé àtijọ́, páìpù irin ni wọ́n rì sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè ráyè kọjá. Kò sí ẹni tó rántí bi ẹja léèrè. Lẹ́yìn ogójì ọdún, omi ti gbẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ, ẹnu páìpù wá ga sókè bíi fèrèsé. Sámọ́nì tó ti inú òkun rìn wá á dé abẹ́ rẹ̀, á fò, á forí gbá irin, á ṣubú, á tún fò, títí tó fi máa kú síbẹ̀ pẹ̀lú ẹyin nínú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹja inú agolo tí Verna ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé, ìgbìmọ̀ abúlé rán òun àti àwọn márùn-ún mìíràn lọ kọ́ bí a ṣe ń tún odò ṣe. Àwọn márùn-ún ti bá tiwọn lọ. Verna ló dúró.

Wàyí o, kí katapílà tó hú páìpù àtijọ́ jáde, a gbọ́dọ̀ kó gbogbo ẹja inú rẹ̀ kúrò ná. A ó fi àpò iyanrìn sé odò lókè, pọ́ǹpù á máa fa omi gba inú rọ́bà gígùn lọ sí ìsàlẹ̀, a ó sì ta àwọ̀n sí ẹnu páìpù lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á fi orúnkún wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, àwọ̀n kékeré lọ́wọ́ kan, bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kejì, á lọ gbọ́n àwọn ọmọ ẹja tó bá ṣẹ́kù. Bí ó bá ti jáde, á pariwo pé, "Ó ti mọ́!" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni katapílà ń dúró dè. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Bí Verna bá ti ní ó mọ́, ó mọ́ náà nìyẹn.

Ẹ má bi mí ohun tó fa ẹ̀rù náà. Ará ìlú ńlá ló máa ń wá ìdí gbogbo nǹkan. Kò sí ẹni tó ti Verna mọ́ inú àpótí rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ̀rù ń bà á ni. Bí ó bá ti kó orí wọlé, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ di róbótó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, á sì máa dárúkọ àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbé orúnkún. Tó bá pè wọ́n tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́. Báyìí ló ṣe la gbogbo páìpù àgbègbè yìí já. Kò sọ fún ẹnì kankan, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ, tábìlì ni wọ́n máa fún òun ní ọ́fíìsì, ẹlòmíràn á sì di ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà sì ni gbogbo iyì rẹ̀. Kò lọ́kọ mọ́, kò bímọ, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Ohun tó ní ni pé bí ó bá sọ̀rọ̀, irin ńlá á gbéra.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án, odò Tsimlan ni wọ́n wà. Ọjọ́ méjì péré ló kù. Òfin ni pé bó bá ti di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, irin kankan ò gbọdọ̀ wọ odò mọ́, nítorí sámọ́nì ti ń kó ara wọn jọ lẹ́nu òkun nígbà náà, òjò àkọ́kọ́ ni wọ́n ń retí.

Ambrose ló ń wa katapílà. Ọmọ àbúrò ìyá Verna ni, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó jẹ́ pé bó bá jókòó sórí àga, àga á dáhùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ níbẹ̀ o," ló wí. "Mo fẹ́ kí páìpù yìí ti wà lókè ilẹ̀ kó tó di alẹ́."

"Bó bá ń ṣe ẹ́ wàràwàrà, ìwọ ni kó o wọ ibẹ̀," Verna dá a lóhùn.

"Èmi kẹ̀? Ikùn mi á dí i pa bí ìdérí ìgò. Ẹ̀yìn mi ni ẹja ọdún tó ń bọ̀ á máa fò lù."

Clotilda, ẹ̀gbọ́n Verna, tó ń ka ẹja sínú àgbá omi, bú sẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kó fò lù ú. Bóyá ó lè jí lójú oorun."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Verna náà rẹ́rìn-ín. Ó de tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, ó fa ṣòkòtò rọ́bà rẹ̀ sókè, ó gun àkàbà dé ẹnu páìpù ìsàlẹ̀, ó wọlé.

Páìpù Tsimlan há ju bí wọ́n ṣe yà á sórí ìwé lọ. Èjìká Verna ń ha irin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àárín rẹ̀ ti tẹ̀ wọlẹ̀ nítorí ẹrù ọkọ̀ agégẹdú tó ti ń kọjá lórí rẹ̀ látọjọ́ yìí, omi sì dúró síbẹ̀ bíi kòtò. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹja mọ̀ pé inú kòtò bẹ́ẹ̀ ni ọmọ sámọ́nì máa ń sá sí. Verna ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, omi dúdú tó ń dán lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Àbúrò ìyá rẹ̀ kẹrin ló ń pè lọ́wọ́ nígbà tí irin orí rẹ̀ dún, "kíìì," lọ́ra-lọ́ra, bí ìgbà tí àgbàlagbà ń dìde nílẹ̀. Èépá ìpẹtà já lu ọrùn rẹ̀.

Ó gbàgbé orúkọ tó kàn. Ìyẹn ni kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó wá a, wá a, kò rí i. Ara rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lọ síwájú mọ́. Ìwọ̀n ìbùsùn méjì ló kù láàárín òun àti kòtò náà. Ó na ọrùn, ó tan iná síbẹ̀ láti òkèèrè, kò rí nǹkan kan, bí ó sì ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò rí nǹkan kan ló ti ń fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan àkàbà, gbogbo wọn ń wò ó. Ọ̀gá Petrie, onímọ̀ ẹja tó ń ti ìlú wá, ti gbé kálámù lé ìwé.

"Ó ti mọ́!" ni Verna wí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Petrie kọ aago sílẹ̀. Ambrose nawọ́ sí i lókè títì, ó lọ jókòó ti katapílà rẹ̀ láti jẹ búrẹ́dì díndín tó gbé wá látilé. Wọ́n tú àwọ̀n méjèèjì. Verna jókòó ti Clotilda, ó bu tíì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú.

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin," ni Clotilda wí. Ó ń wo inú àgbá, ó fajú ro. "Nínú odò Tsimlan? Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin péré?"

"Ọ̀gbẹlẹ̀ ni," Verna fèsì.

"Ọ̀gbẹlẹ̀ wo? Odò Tsimlan tí a bá igba níbẹ̀ lọ́dún tí àwọn béárì ń bá wa du ẹja? Ṣé o wo kòtò àárín yẹn dáadáa?"

"Mo wò ó."

"O wò ó."

"Ah-ah, Clotilda! Ṣé ọmọ àná ni mí?"

Clotilda gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun ń béèrè ni. Ṣùgbọ́n tíì náà ti korò lẹ́nu Verna. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ ẹja wà nínú kòtò náà. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni tó fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná ṣe ń mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà. Katapílà á sì dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yí.

Ẹ̀yin á ní kí ló dé tí kò kàn dìde kó ní, "Ẹ dúró, mo fẹ́ tún un wò"? Èmi náà ti bínú sí i lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí ó bá tún un wò, wọ́n á bi í ìdí. Petrie á fa ìlà gba orí aago tó kọ. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá pariwo pé ó mọ́, ẹnì kan á wo ojú ẹnì kejì. Ìyẹn bà á lẹ́rù ju páìpù lọ, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ló sì tó láti ṣe ènìyàn léṣe.

Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀ nínú igbó. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti àwọ̀n kékeré gba ẹ̀yìn àwọn igi kédárì, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu páìpù òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i láti orí títì. Rédíò ọwọ́ tó fi ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì. Ó rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni òun máa lò. Ó wọlé.

Kò pe orúkọ ẹnì kankan lọ́tẹ̀ yìí, sáré ló ń sáré lórí orúnkún. Ó dé kòtò, ó tanná sí i. Wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ọmọ sámọ́nì tí ò ju ìka ọwọ́ lọ, gbogbo wọn fi orí síbì kan, ojú wọn ń dán. Wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ dáadáa. Verna ní, "Ẹ dákun, ẹ máà bínú," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n wọn, ó ń dà wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà náà ni irin abẹ́ orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ó rò pé ọkàn òun ni. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ohùn kan tó wúwo, tó ń ti òkè wọ inú eyín rẹ̀. Ambrose ti jẹun tán.

"Ambrose!" ló ké. "Ambrose, mo wà níbí o! Ambrose!"

Ohùn náà yí padà sí i létí. Ó yọ tọ́ọ̀ṣì lórí, ó fi ń lu irin, gbàǹgbàǹgbàǹ, títí gíláàsì rẹ̀ fi fọ́ tí iná kú. Báyìí, ìmọ́lẹ̀ ẹnu ìsàlẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, róbótó bí owó ẹyọ, ni nǹkan kan ṣoṣo tó ń rí. Ariwo kan já bọ́ bí ìgbà tí ilé wó. Ìmọ́lẹ̀ náà pa dé bí ẹni ṣẹ́jú.

Mo ti gbìyànjú láti bi í bó ṣe rí. Ó ní òun ò ronú nǹkan kan, òun ò gbàdúrà, ìtọ̀ gbóná kan kàn gba ẹsẹ̀ òun lọ sínú ṣòkòtò rọ́bà. Ó ní ohun tó ń pa òun lẹ́kún ni pé òun ò lè yíjú padà. Àyè ò sí. Ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ fi rìn jáde, kó máa wo òkùnkùn tó ń bọ̀ wá bá a, kó má sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn òun. Ó fa bọ́kẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀ lé ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọwọ́ irin katapílà tún já lulẹ̀, ó súnmọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, irin orí rẹ̀ tẹ̀ wá sísàlẹ̀, iyanrìn ń tú lé e lójú. Ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó fi í sílẹ̀. Ó fi ìgúnpá àti orúnkún ta ara rẹ̀ sẹ́yìn, awọ ń bó, ó ń ké "Màmá, Màmá" bí ọmọ ọdún mẹ́ta, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan àpò iyanrìn tó tutù.

Bó ṣe gun bèbè náà dé orí títì, kò lè sọ ọ́. Ambrose kàn rí nǹkan pupa kan tó dìde níwájú rẹ̀, tó ń ju apá sókè, ìpẹtà àti ẹ̀jẹ̀ ló bò ó látòkè délẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ ohun tó fi ń dí etí kúrò létí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sórí títì bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí," ló wí. "Ẹ ní ó ti mọ́."

Verna ń nu ìpẹtà kúrò lójú.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ti mọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. Àǹtí, ẹ ní ó ti mọ́!"

Clotilda ti ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Petrie ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ambrose gbójú sókè, ó rí wọn. Ó fa Verna láṣọ sún mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Orí bèbè lẹ wà. Ẹsẹ̀ yín ló yọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ ò wọ inú ibẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ yín ló yọ̀ ní bèbè. Èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀."

Ohun tí Ambrose fẹ́ fún Verna nìyẹn, pé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà bó ṣe wà. Verna wo ọwọ́ Ambrose tó di aṣọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ńlá náà dì í mú bí ọwọ́ ẹni tó ń rì sómi. Ó wá yé e lójijì pé ohun tí òun ti ń fi pamọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, díẹ̀ ló kù kí òun gbé e lé ọmọkùnrin yìí lórí títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Petrie béèrè.

"Inú páìpù ni mo wà," ni Verna wí. "Mo purọ́. Mi ò dé àárín nígbà tí mo ní ó mọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo padà. Mo wá tún wọ ibẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó mí, ó ní, "Gbogbo ìgbà ni ẹ̀rù máa ń bà mí. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í bà mí."

Clotilda gbá a létí. Ìró rẹ̀ dún. Lẹ́yìn náà ló fà á mọ́ra, ó fi orí rẹ̀ há abíyá, ó ń bú u pé, "Òmùgọ̀! Òmùgọ̀ ènìyàn! Èmi tí mo bá ẹ sùn lórí ẹní kan, o ò lè sọ fún mi?"

Wọn ò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Petrie kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, bó ṣe yẹ kó ṣe, àwọn tó ń mójú tó ààbò iṣẹ́ sì wá ti ibẹ̀ pa fún ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n lè ṣèwádìí. Ẹ̀yin náà ẹ ka ọjọ́. Ọjọ́ tí òfin fi gba irin láyè nínú odò ti kọjá kí wọ́n tó kúrò. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí a kó àpò iyanrìn kúrò kí omi má bàa ya wọ oko olóko, omi sì padà sínú páìpù tó ti run sápá kan, ó gba ibi tó bá rí kọjá. Bóyá ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà dé tí àwọn ọmọ ẹja fi bọ́, bóyá wọ́n kú síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀. Láti ìgbà náà, ènìyàn méjì ló ń sọ pé ó mọ́, Verna kò sì sí nínú wọn.

Òjò dé ní oṣù kẹwàá. Sámọ́nì dé pẹ̀lú rẹ̀. Páìpù tó yẹ kó ti lọ ṣì wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ bí ètè arúgbó. Wọ́n ń fò, wọ́n ń gbá a. A máa ń gbọ́ ọ láti ojú títì, pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Verna gba àṣẹ lọ́wọ́ Petrie, ó wọ odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpò tó tutù, ó ń gbé wọn gun bèbè, ó ń gbé wọn kọjá títì lọ sí òkè. Clotilda dara pọ̀ mọ́ ọn, ó ń bú òjò. Ní ọ̀sán, Ambrose dé. Ó ti tó oṣù kan tí kò bá Verna sọ̀rọ̀. Ó dúró láàárín títì, ó ń fi ọwọ́ dá ọkọ̀ dúró fún wọn, kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Abo ńlá kan ni Verna gbé dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó wúwo, ó ń jà nínú àpò, Verna sì dúró kó lè mí díẹ̀.

"Ẹ pè mí?" Ambrose béèrè lójijì. Títì ló ṣì ń wò. "Lọ́jọ́ yẹn. Nínú ibẹ̀. Ṣé ẹ pè mí?"

"Mo pè ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

Verna kò fẹ́ purọ́ mọ́. "Ó pọ̀," ló wí.

Ambrose mi orí. Omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. "Mi ò gbọ́ yín," ló wí. "Àǹtí, mi ò gbọ́ yín rárá. Mo tiẹ̀ ń kọrin lọ́wọ́."

Ẹja náà tún jà, àpò fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Verna. Ó ní kí ó bá òun di apá ìrù mú. Ambrose wá, ó dì í mú, wọ́n sì jọ gbé e kọjá.